Fọ́tò Mi Tó Ń Bá Wọn Lọ Ìsinmi

Lọ́sẹ̀ tí mo kúrò nílé, Dádì mú mi lọ sọ́dọ̀ ayàwòrán kan nítòsí ọjà Ìkirè. Mo wọ búláòsì funfun, mo dúró ṣánṣán níwájú aṣọ tí wọ́n kun òdòdó sí, ojú mi le koko bí ojú ẹni tó ń retí ìdájọ́. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, Dádì ní kí n pa ẹnu dé, wọ́n ní kì í ṣe ìpolówó ọṣẹ ìfọyín ni a wá ṣe. Wọ́n tún rí i dájú pé ayàwòrán náà fi bàtà mi méjèèjì sínú fọ́tò. Ọ̀rọ̀ Dádì lórí èyí kì í yẹ̀: fọ́tò tí kò bá lẹ́sẹ̀, ibo ló fẹ́ rìn dé? Nígbà tí fọ́tò náà jáde, wọ́n fi gíláàsì bò ó, wọ́n fi í sínú fírémù, wọ́n gbé e kọ́ sí pálọ̀. Èmi náà gbé fọ́tò tiwọn tòun ti fírémù rẹ̀ sínú àpótí mi, èyí tí àwọn àti Mọ́mì jọ yà níwájú ilé wa, mo bá tèmi lọ. N kò mọ̀ pé fọ́tò mi yóò rìnrìn àjò ju èmi alára lọ.

Tíṣà ni Dádì. Jọ́gíráfì ni wọ́n fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama, ní Ìkirè, ní Ìkòyí, títí dé Ararọ̀mí. Mọ́mì jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni Dádì ń lọ. Mọ́mì jẹ́ ọmọ Mùsùlùmí láti Àpòmù, wọn kò sì yí ẹ̀sìn wọn padà nílé ọkọ, ẹnikẹ́ni kò sì bá wọn jà sí i. Tíṣà ni Mọ́mì ń pe Dádì láti ọjọ́ tí wọ́n ti pàdé. Dádì náà ń pe Mọ́mì ní Ará Àpòmù, bí ẹni pé Àpòmù jìnnà sí Ìkirè tó bí Mẹ́kà ṣe jìnnà, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ bá le lè fẹsẹ̀ rìn ín.

Ìlú Leeds, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo balẹ̀ sí. Ohun tó kọ́kọ́ rú mi lójú níbẹ̀ kì í ṣe òtútù, nítorí láti ilé ni wọ́n ti fi òtútù dẹ́rù bà mí. Oòrùn ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo rí oòrùn tó ń tàn yanran lójú fèrèsé, mo wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo jáde, òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí sẹ́nu ọ̀nà. Oòrùn tó ń tàn tí kò mú! Ó dà bíi kí wọ́n gbé oúnjẹ síwájú ẹni nínú fọ́tò. Mo padà wọlé lọ wọ gbogbo aṣọ tí mo ní.

Ìkíni ni mo tún fi kọsẹ̀. Nílé wa, ẹni tó bá jáde láàárọ̀ tí kò kí ènìyàn, wọ́n á béèrè ẹni tó bí i. Mo dé ibi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì, mo rí àwọn èèyàn tó tò síbẹ̀, mo kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ọkùnrin kan wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ni mò ń kí. Obìnrin kan gbé báàgì rẹ̀ láti apá ọ̀tún sí apá òsì, ó dì í mú gírígírí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń dákẹ́, ó sì gbà mí lákòókò, nítorí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n fi tọ́ mi.

Iṣẹ́ tí mo rí ni ti ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà. Mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń wọṣọ fún wọn, mò ń fún wọn lóúnjẹ. Wọ́n ní kí n máa pe olúkúlùkù ní orúkọ rẹ̀. Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jean, ó dàgbà ju ìyá tó bí Mọ́mì lọ. Mo la ẹnu láti pe Jean gbọnrangandan, ẹnu mi kọ̀. Mọ́mì Jean ló bọ́ jáde. Ọ̀gá wa pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kì í ṣe bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn. Ìyá náà ló dá a lóhùn láti orí àga rẹ̀ pé òun kò bímọ rárá, ẹni tó bá fẹ́ pe òun ní Mọ́mì, ẹ fi í sílẹ̀ kó máa pe òun bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe borí nínú ìjà àkọ́kọ́ nìyẹn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń pè mí láti ilé, tí Dádì bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Dádì máa ń kígbe sínú fóònù bí ẹni tó ń pe ènìyàn lódìkejì odò. Mọ́mì á gba fóònù, wọ́n á béèrè ohun tí mo jẹ. Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń gbé ojú hàn dé ọwọ́ wọn, inú mi dùn pé n ó máa rí wọn, ṣùgbọ́n Mọ́mì nìkan ni mo ń rí. Tó bá kan Dádì, páànù òrùlé ni mo ń wò, tàbí kí n rí iwájú orí wọn díẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó ń yani ni àwọn, àwọn kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń yà.

Ìgbà yẹn ni Dádì fẹ̀yìn tì, Mọ́mì náà tẹ̀ lé wọn. Lọ́jọ́ Àìkú kan, Dádì ní àwọn fẹ́ lọ lo ìsinmi. Mo gbọ́ ohùn Mọ́mì lẹ́yìn wọn.

"Tíṣà, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, ìsinmi wo ló tún fẹ́ lò?"

"Ará Àpòmù, jẹ́ kí n bá ọmọ mi sọ̀rọ̀," Dádì dáhùn. Wọ́n wá sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn fún mi. "Gbogbo ibi tí mo fi ṣọ́ọ̀kì yà sára bọ́ọ̀dù fún àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, n kò dé ọ̀kan. Mo ń sọ fún wọn pé Odò Ọya àti Bẹ́núè pàdé ní Lókọ́jà. Ta ló sọ fún mi? Ìwé ni. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i kí n tó kú, kí n mọ̀ bóyá mi ò purọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ."

Wọ́n lọ ra kámẹ́rà tókúnbọ̀ kan ní Ìbàdàn, wọ́n wọ mọ́tò, ó di Lókọ́jà. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni fọ́tò àkọ́kọ́ wọlé sórí fóònù mi. Mọ́mì ló dúró sáàárín gbùngbùn rẹ̀, láti orí gèlè dé bàtà, ojú wọn le. Odò méjèèjì tí wọ́n tìtorí ẹ̀ rìn títí dé ibẹ̀, etí wọn ló ń yọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn èjìká Mọ́mì. Nílẹ̀, níwájú ẹsẹ̀ wọn, òjìji Dádì nà gbọọrọ pẹ̀lú kámẹ́rà lójú. Ohun kan sì wà láyà Mọ́mì tí wọ́n fọwọ́ méjèèjì dì mú. Mo fa fọ́tò náà tóbi kí n lè rí i. Èmi ni. Èmi náà ni mo dúró ní Lókọ́jà nínú fírémù, tèmi ti búláòsì funfun.

Kò yẹ kó yà mí lẹ́nu. Nínú ilé ìyá ìyá mi ní Àpòmù, fọ́tò ẹbí kan wà lára ògiri tí a bá níbẹ̀. Gbogbo wọn jókòó, fọ́tò ọkùnrin kan sì wà lórí itan ìyá àgbà. Ẹ̀gbọ́n Mọ́mì ni, tó lọ ṣòwò ní Gánà nígbà yẹn. Wọn kò lè dúró dè é, wọn kò sì lè ya fọ́tò ẹbí láìsí i níbẹ̀, wọ́n bá gbé e sórí itan. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé nínú ẹbí wa, wọn kì í fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nílé nínú fọ́tò. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, mo ní àwọn òbí mi yìí kò ní í pa mí. Lẹ́yìn náà mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi nínú yàrá kótópó yẹn, mo sunkún dáadáa.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n gun Olúmọ ní Abẹ́òkúta, mo wà níbẹ̀. Wọ́n dé etí òkun ní Badagry, mo wà níbẹ̀. Mọ́mì á fi ìró wé fírémù náà, wọ́n á kì í sínú báàgì lẹ́gbẹ̀ẹ́ dòdò Ìkirè tí wọ́n fẹ́ jẹ lọ́nà. Ní Ìkógòsí, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, Mọ́mì bu omi gbígbóná náà, wọ́n fi nu ojú mi lára gíláàsì. Wọ́n ní mo ti ń ráhùn òtútù jù, kí n bá àwọn pín nínú rẹ̀. Mo wo fọ́tò yẹn nínú bọ́ọ̀sì ní Leeds lọ́jọ́ tí yìnyín bo gbogbo ilẹ̀, mo sì bá ara mi tó ń fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ẹ ó béèrè ìdí tí n kò fi lọ sílé. Ìwé ìgbélùú mi ló wà lọ́wọ́ ìjọba. Wọ́n ti sọ fún mi pé tí mo bá jáde kí èsì tó jáde, kí n má wulẹ̀ padà. Mò ń kọ̀wé sí wọn, wọ́n ń ní kí n ṣe sùúrù. Sùúrù ni bàbá ìwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bàbá tèmi ń dàgbà.

Lọ́jọ́ kan, mò ń fi àwọn fọ́tò náà han Mọ́mì Jean. Ó wò wọ́n títí, ó di ọwọ́ mi mú.

"Ó mà ṣe o," ó wí. "Àbúrò rẹ ni, àbí ẹ̀gbọ́n? Kí ló pa á?"

Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tó ń sọ. Mo ní èmi ni, mo sì wà láàyè. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí ọ̀gá wa fi yọjú. Ni Mọ́mì Jean bá ní kí n bá òun gbé ìwé fọ́tò tòun náà wá. Òun àti ọkọ rẹ̀ rìn káàkiri ayé lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Òkè wà nínú fọ́tò wọn, òkun wà níbẹ̀, àwọn ilé àtijọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ènìyàn kankan. Mo bi í léèrè ibi tí àwọn fúnra wọn wà. Ó ní ibẹ̀ ni àwọn ń wò, kí ni àwọn á máa wo ara àwọn fún? Ó pa ìwé fọ́tò náà dé, ó ní òun ìbá fẹ́ rí ọkọ òun lónìí ju òkè lọ.

N kò fi Dádì ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ pé wọ́n fi Mọ́mì bo odò mọ́lẹ̀.

Àmọ́ bí Mọ́mì Jean ṣe rò pé ẹni inú fírémù ti kú gbé mi lọ́kàn, kò sì pẹ́ tó tún fi ṣẹlẹ̀ nílé. Wọ́n ń ti Ìdànrè bọ̀. Ìró tí wọ́n fi ń wé fírémù náà ti tutù, Mọ́mì gbé e sórí itan nínú mọ́tò. Ìyá kan tó jókòó tì wọ́n wò ó, ó wo Mọ́mì, ó mí kanlẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Mọ́mì. Ọlọ́run á dá èyí tó kù sí." Ẹni tó wà níwájú yíjú padà, òun náà ní ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹnìkan ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà ìtùnú kí Mọ́mì tó mọ̀ pé àwọn ni wọ́n ń gbàdúrà fún.

"Mo ní ọmọ mi kò kú," Mọ́mì sọ fún mi lórí fóònù. "Mo ní òkè òkun ló wà. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. Ọkùnrin kan ní tó bá jẹ́ òkè òkun ni, kí o wá mú òun náà lọ, wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín. Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo gbé ọ sórí itan títí a fi dé Ìkirè, mi ò jẹ́ kí o kanlẹ̀."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé fóònù fún Dádì. Mo ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má gbé fọ́tò yẹn jáde mọ́."

"Kí ló dé?"

"Ó dà bí ẹni tó ti kú."

Dádì kò kígbe lọ́jọ́ náà. "Tí a bá fi ọ́ sílẹ̀ nílé," wọ́n ní, "lọ́jọ́ tí o bá dé tí o ń wo àwọn fọ́tò wọ̀nyí, o ó ní a lọ jayé, a gbàgbé rẹ."

"Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀, sà."

"O lè má sọ ọ́. O ó rò ó." Wọ́n wúkọ́ díẹ̀. "Gbọ́. Ibì kan wà tí a kò tíì lọ. Olúmirin, ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ibi tí omi ti ń dà wálẹ̀ láti orí àpáta. Ó súnmọ́ wa ju gbogbo ibi tí a ti dé lọ, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni. Ìwọ là ń dúró dè. Fírémù kò ní dé ibẹ̀. Ẹsẹ̀ ara rẹ ni o ó fi gùn ún, a ó jọ gùn ún."

Láti ọjọ́ náà lọ, bí Dádì ṣe ń parí ìpè wọn nìyẹn. Wọ́n á ṣàdúrà, èmi náà á ṣe àmín, wọ́n á wá ní, "Olúmirin ṣì wà níbẹ̀ o." Tí ìwé mi bá tún pẹ́ sí i, ọ̀rọ̀ yẹn máa ń gún mi lọ́kàn, nítorí mo mọ̀ pé omi kì í dàgbà, ènìyàn ló ń dàgbà.

Mo ń gbìyànjú láti mú ilé wá sí Leeds lọ́nà tèmi. Mo pinnu pé n ó ṣe dòdò Ìkirè. Ẹni tí kì í ṣe ará ibẹ̀ kò mọ̀ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí gbogbo ayé ń pè ní bíbàjẹ́ ni dòdò wa ń bẹ̀rẹ̀ láti ara rẹ̀. Mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, mo fi í sílẹ̀ nínú ilé ìdáná títí ó fi dúdú, tó rọ̀. Lọ́jọ́ tó pé gan-an, mo ti ibiṣẹ́ dé, n kò rí i mọ́. Ọmọbìnrin tí a jọ ń gbé ilé náà ní òun ti bá mi dà á nù, ó ní mo kú iṣẹ́, mo ti gbàgbé pé ó ti jẹrà. Ó ń retí kí n dúpẹ́. Nígbà tí mo tún dán an wò, èéfín epo pupa àti ata mú kí ẹ̀rọ tó ń ké tí iná bá sọ máa han, àwọn ará ilé sì sá jáde sínú òtútù. Ṣùgbọ́n mo borí nígbẹ̀yìn. Ó dúdú, ó ta, ó dùn. Mo gbé àwo rẹ̀ sọ́wọ́, mo ní kí ọmọbìnrin yẹn yà mí, kó má gbàgbé ẹsẹ̀ mi. Mo fi ránṣẹ́ sílé. Mọ́mì wò ó, wọ́n ní kò tíì dúdú tó.

Nílùú yẹn, tí wọ́n bá bi mí pé níbo ni mo ti wá, n kì í lè sọ Ìkirè. Nàìjíríà ni mò ń sọ, wọ́n á bi mí nípa Èkó, ìlú tí n kò gbé rí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ronú ibi tí ènìyàn lè pè ní tirẹ̀ gan-an. Ibi tó ń sùn ni, àbí ibi tí wọ́n bí i sí? Mo rò pé ibi tí wọ́n ti máa ń wẹ̀yìn kí wọ́n tó ya fọ́tò ni, láti mọ̀ bóyá ẹnìkan kù.

Ní àwọn fọ́tò tó dé kẹ́yìn, mo rí i pé òjìji Dádì nílẹ̀ ti ní ẹsẹ̀ kẹta. Inú mi dùn. Mo ní Dádì ti ra ẹsẹ̀ tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé, wọ́n ti di ọ̀gá ayàwòrán. Mo tilẹ̀ kí wọn kú oríire rẹ̀ lórí fóònù. Dádì ní àwọn dúpẹ́.

Ìwé mi jáde. Nígbà tí mo pè wọ́n láti sọ fún wọn, Mọ́mì ní Alhamdulilahi, wọ́n sọ ọ́ títí mo fi dá a dúró. Dádì kò sọ púpọ̀. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Fọ́tò wa tó wà lára ògiri rẹ níbẹ̀, gbé e bọ̀."

"Ṣé kí n tún fírémù rẹ̀ ṣe ni, sà?"

"Ṣáà gbé e bọ̀."

Mo ti jìnnà sílé tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ń kán mi láti rí àwọn tó ń ta dòdò létí títì. Bí mọ́tò ṣe dẹsẹ̀ dúró ní Ìkirè, wọ́n sáré wá pẹ̀lú àwo lórí, wọ́n ń na dòdò sí wa lójú fèrèsé. Mo rà ju ohun tí mo lè jẹ lọ. Ọ̀kan nínú wọn wo aṣọ mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ káàbọ̀. Ìgbà wo lẹ ń padà?" N kò tíì dé ẹnu ọ̀nà bàbá mi, wọ́n ti ń béèrè ọjọ́ tí n ó lọ.

Dádì dúró ní ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin tó wà nínú fọ́tò ara ògiri mi, àyà rẹ̀ gbòòrò, èjìká rẹ̀ dúró. Bàbá tó wà níwájú mi ti rù, orí wọn funfun, wọ́n sì fi ọwọ́ ọ̀tún ti ọ̀pá. Mo wo ọ̀pá náà, mo ní ẹsẹ̀ kẹta rèé. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀.

"Dádì, ẹ ò sọ fún mi."

"Kí n sọ kí ni?" wọ́n ní. "Ṣé láti Leeds lo ti fẹ́ bá mi fi omi gbígbóná jó orúnkún? Dìde, o ń ba aṣọ jẹ́."

Bí wọ́n ti ń ṣe é nílé wa nìyẹn. Wọn kì í fi àìsàn ránṣẹ́ sí ọmọ tó wà lókè òkun. Mo bínú sí wọn lọ́jọ́ náà, inú tó bí mi sì dùn mí, nítorí èmi náà kò sọ fún wọn nípa ẹkún tí mo sun lórí bẹ́ẹ̀dì mi ní Leeds.

Mo ní kí a fi Olúmirin sílẹ̀. Dádì kọ̀. Wọ́n ní ìlérí ni ìlérí. Wọ́n bẹ aládùúgbò wa kan, Bọ̀dá Múfú, tó ní mọ́tò, a gbéra láàárọ̀. A gba Gbọ̀ngán, a gba Ifẹ̀, a gba Iléṣà, Dádì ń ṣàlàyé irú àpáta tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ibi kọ̀ọ̀kan, Bọ̀dá Múfú ń ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," bí ọmọ kíláàsì. Mọ́mì ti kó dòdò dání. Mo wo báàgì wọn, fírémù mi kò sí níbẹ̀.

Nígbà tí a dé, a gbọ́ ohùn omi láti àárín igi. Àtẹ̀gùn gòkè lọ láti ibi tí a dúró sí, ó rọ̀ mọ́ àpáta, a kò rí òpin rẹ̀. Dádì gbé ẹsẹ̀ kan lé àkọ́kọ́. Wọ́n fi ọ̀pá ti ara wọn, wọ́n gbé ìkejì. Mo rí òógùn lára ọrùn wọn. Wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n wò ó lọ sókè, wọ́n wá rọra sọ̀ kalẹ̀, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà lábẹ́ igi. Ó hàn lójú wọn pé wọ́n ti mọ̀ kí a tó kúrò nílé.

"Yọ fọ́tò tí mo ní kí o gbé bọ̀," Dádì wí.

Mo yọ ọ́. Àwọn àti Mọ́mì, níwájú ilé wa, ẹsẹ̀ mẹ́rin pé.

"A ti gbé ọ rìn tó," wọ́n ní. "Gbé wa gòkè."

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí àwa méjèèjì lọ."

"Tíṣà kò lọ, èmi náà kò lọ," Mọ́mì dáhùn, wọ́n ti ń tú ewé dòdò. "Àwa méjèèjì la wà nínú fọ́tò."

Èmi nìkan ni mo gun àtẹ̀gùn yẹn. Mo di fírémù náà mọ́ àyà bí Mọ́mì ti ń ṣe é, mo sì wá mọ̀ pé ó wúwo. Omi ń dà láti orí àpáta bí ẹni pé wọn kò ní dá a dúró láé, ìkùukùu rẹ̀ ń ta sí mi lójú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wà níbẹ̀. Mo bẹ ọmọbìnrin kan nínú wọn kó bá mi fi kámẹ́rà Dádì yà mí. Ó gbà á, ó wo fírémù tó wà láyà mi, ojú rẹ̀ rọ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà," ó wí. "Ọlọ́run á tù yín nínú."

"Wọ́n wà nísàlẹ̀," mo ní. "Wọ́n ń jẹ dòdò. Jọ̀ọ́, jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi hàn."

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, Dádì gba kámẹ́rà, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú. Wọ́n wo bàtà mi, wọ́n ní ẹsẹ̀ pé. Wọ́n wo omi náà pẹ́, wọ́n wá wo ara wọn àti Mọ́mì níwájú rẹ̀.

"Ará Àpòmù," wọ́n ní, "wá wò ó. A dé òkè."

Mọ́mì nu ọwọ́ wọn, wọ́n wá. Omi ṣì wà lára gíláàsì fírémù náà. Mo fẹ́ fi aṣọ nù ún, Dádì dá ọwọ́ mi dúró. Wọ́n fi ìka kan omi yẹn, wọ́n fi kan iwájú orí tiwọn, wọ́n fi kan ti Mọ́mì.

"Mo sọ fún wọn ní kíláàsì," Dádì wí. "Omi orí òkè máa ń tutù."